Ọmọ Tí Kò Mojú

Títí di òní, bí mo bá rí ìyá tó ń fi ojú bá ọmọ wí níwájú àlejò, orí mi á gbóná. Ẹ̀yin náà mọ ojú tí mò ń wí. Ẹnu ń sọ pé, "Gbà á, kí o dúpẹ́," ojú ń sọ pé, "Dán an wò, wàá rí i!" Kí a tó pé ọmọ ọdún márùn-ún ni gbogbo wa ti gbọ́ èdè yẹn. Àbúrò mi obìnrin nìkan ni kò gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló mọ̀. Lóde òní, ọ́tísìmù ni àwọn dókítà ń pè é. Nígbà tiwa l'Ókìtìpupa, olóríkunkun ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń nà án.

Nígbà tó tó bí ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin wá kí wa láti Òde-Ayé. Òun àti ìyá wa kò rẹ́. Ìyá kì í sì í jẹ́ kí a jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin náà na ẹja díndín sí àbúrò mi. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Gbà á, kí o jẹ ẹ́," ó sì ranjú mọ́ ọn. Ọmọ gba ẹja, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́.

Àlejò kò tíì rìn jìnnà tí ìyá fi ki ọmọ mọ́lẹ̀. Ó lù ú, ó ní, "Jáde! Kí ojú mi má rí ẹ mọ́!" Ta ni ìyá rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ sí rí? Bó bá jẹ́ èmi ni, màá kàn jókòó sẹ́yìn ilé títí inú rẹ̀ á fi rọ̀.

Àbúrò mi jáde lóòótọ́. A pè é títí ohùn wa fi há. Àwọn kan wá a dé ọ̀nà Àyèká, àwọn kan ń yọjú sínú kànga. Ìyá káwọ́ lérí, ó ń ké. Oòrùn ti ń wọ̀ kí n tó rí i, lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n kó jọ síbi tí a ti ń fún epo, ẹ̀yìn ilé wa níbẹ̀! Ìjàlọ ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

"Ṣé o ò gbọ́ pé à ń pè ọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Ìyá wà láàárín yín. Bí mo bá jáde, ìyá á rí mi."

Ìyá ti sáré dé. Mo jágbe mọ́ ọn, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá: "Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ rí i!" Ó gbá mi létí. N kò tọrọ àforíjì dòní. Nílé wa, ìyá kì í bẹ ọmọ. Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì sí i, ó ń sunkún. Ọmọ kò mira. Ni ìyá bá sọ ọ́: "Jáde wá. Mo fẹ́ rí ọ." Ó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀ o. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀, àbúrò mi á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, á bèèrè pé, "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ rí mi lónìí?" Bí ìyá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á jáde. Láwọn àárọ̀ tí ìyá bá ń yí pupuru lórí iná, tí èéfín wọ̀ ọ́ lójú, tó kàn pòṣé, àbúrò mi á padà lọ jókòó sórí ẹní, ebi á sì máa pa á níbẹ̀ títí di ọ̀sán.