Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ Ara Páálí Bisikíìtì

Leontina Oyarzún kì í wọ ṣọ́ọ̀bù bí ọmọ aráyé yòókù ṣe ń wọ̀ ọ́. Bí àwọn obìnrin òkè Playa Ancha ní ìlú Valparaíso bá yà sí ọ̀dọ̀ don Amador, onísọ́ọ̀bù àdúgbò, láti ra búrẹ́dì ìrọ̀lẹ́, wọn á ra búrẹ́dì, wọn á sì máa lọ. Leontina á káwọ́ sẹ́yìn níwájú pẹpẹ, á máa wo ọjà bí ọ̀gá sọ́jà tó ń yẹ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wò.

"Wo páálí tíì yẹn," ló máa ń sọ fún Yasna, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. "Kí lo kọ́kọ́ rí?"

"Erin."

"Lẹ́yìn erin ńkọ́?"

"Orúkọ tíì."

"Ṣé o rí i pé ọwọ́jà erin náà ń tọ́ka sí orúkọ? Erin yẹn ló gbá ẹ lójú mú, òun náà ló wá fọ̀nà hàn ẹ́. Ojú èèyàn, bí ewúrẹ́ ló rí. Bí o ò bá so ó mọ́lẹ̀, oko olóko ló ń lọ."

Iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn. Láti ìgbà ọ̀dọ́mọbìnrin ló ti ń ya àwòrán sára páálí ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan tó wà nísàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá èbúté. Òun ló ya Tilo, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kékeré tí gbogbo ọmọ Valparaíso mọ̀ bí ẹní mọ owó. Bí o bá bi í bó ṣe ṣe é, á kà á fún ọ bí oríkì. Orí ńlá, ara kékeré, torí pé bí ọmọ ọwọ́ ṣe rí nìyẹn, ta ló sì lè wo ọmọ ọwọ́ kó má rẹ́rìn-ín? Kò sí igun kankan lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ rí roboto. Àwọ̀ ọsàn ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run ni páálí, torí pé àwọ̀ méjèèjì yẹn kì í pàdé kí ọ̀kan má mú èkejì tàn. Ṣùgbọ́n ojú Tilo ni iṣẹ́ wà. Leontina kò jẹ́ kó wo iwájú. Ó jẹ́ kó dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀, kó lè jẹ́ pé ọmọ tó bá dúró nísàlẹ̀ pẹpẹ, òun gan-an ni Tilo ń wò.

Yasna dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àdúgbò. Àwọn ọmọdé ló ń gbé sórí ìwọ̀n. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń mu tíì, ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ọmọ ọdún mẹ́fà kan wá lónìí. Ó tẹ̀wọ̀n ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Eyín iwájú ẹ̀ ti jẹrà tán. Ṣé ẹ mọ ohun tó mú lọ́wọ́?"

"Má sọ ọ́."

"Tilo ni. Ó lóun ò ní gba abẹ́rẹ́ àfi bí Tilo bá wà lọ́wọ́ òun."

"Èmi kọ́ ni mò ń po ṣúgà, Yasna. Àwòrán ni mò ń yà."

"Ta ló wá ń pe àwọn ọmọ síbi ṣúgà?"

Leontina ń fi ọ̀bẹ tẹ píà mọ́ búrẹ́dì. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ títí búrẹ́dì náà fi lu.

Kò pẹ́ tí òfin fi jáde láti Santiago, olú-ìlú. Wọ́n ní kí wọ́n yọ gbogbo ẹranko tó ń fa ọmọdé mọ́ra kúrò lára irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì lẹ àmì dúdú mọ́ ohun tí ṣúgà bá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí Leontina rí àmì náà, ó gbé e sí ìdí ògiri, ó rìn sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn, ó dijú kan. Ó ṣì ń rí i. Ó dúdú, etí rẹ̀ funfun, igun mẹ́jọ ló ní, bí àmì tó ń dá ọkọ̀ dúró ní oríta. Kò ní òdòdó, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò mọ̀wé gan-an á mọ̀ pé wọ́n ní kóun dúró.

"Ẹni tó ya eléyìí mọṣẹ́ jù mí lọ," ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́.

Don Hernaldo, tó jogún ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, wá bá a nídìí tábìlì.

"Doña Leo, wọ́n ní ká yọ Tilo. Ṣé ẹ lè yọ ọ́ kó má lọ?"

"Báwo lohun tá a yọ ò ṣe ní lọ?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Bí ọjà ò bá tà, a ó tilẹ̀kùn ni. Gbogbo wa la jọ máa jókòó sílé."

Ó lè kọ̀. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí i létí. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀rù ìyà, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń yún un lọ́wọ́. Ó ya ewé àti ìràwọ̀ aláwọ̀ ọsàn káàkiri páálí, ó sì fi àárín sílẹ̀ lófìfo. Òfìfo náà ní etí méjì. Ó ní ìrù. Àwọn olùyẹ̀wò ìjọba yí páálí náà síwá sẹ́yìn, ewé ni wọ́n rí, wọ́n fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, òun àti Yasna mú Amparo, ọmọ Yasna, lọ sí ṣọ́ọ̀bù don Amador. Ọmọ náà dúró gbagidi.

"Màmá àgbà! Tilo ń sá pamọ́! Ẹ wo etí ẹ̀!"

Don Amador bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí lójú o! Ewé lásán lèmi ń rí."

Yasna wo páálí. Ó wo ìyá rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é."

"Yasna, gbọ́ mi ná..."

"Ẹ mọ̀, Màmá. Ẹ mọ ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́, ẹ tún wá ṣe é."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká. Amparo ń ké, ó ń nawọ́ sẹ́yìn sí páálí náà títí wọ́n fi yí kọ́nà. Láti ọjọ́ náà, Yasna kò mú un wá mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kí ara wọn lọ́jọ́ Kérésìmesì, bí àlejò.

Ọgbọ́n náà kò tiẹ̀ gbà wọ́n. Àwọn ọmọ ń rí Tilo, àwọn òbí ń rí àmì dúdú, òbí ló sì lówó lọ́wọ́. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà fún àwọn kan tí ẹ̀rọ nìkan wù wọ́n, wọ́n kó ẹ̀rọ lọ. Don Hernaldo dì mọ́ Leontina lẹ́nu géètì.

"A ṣáà gbìyànjú, Doña Leo."

Leontina wáṣẹ́ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn. Ó gbé àwòrán rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà kàn ń fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ni, wọ́n á sì sìn ín jáde.

Nígbà òtútù, egbò kan yọ sí i lẹ́sẹ̀, kò jinná. Ó lọ sí ilé ìwòsàn Yasna, ó rò pé bóyá òun á rí i. Wọ́n ní wọ́n ti gbé iṣẹ́ Yasna lọ sí ìlú Quilpué láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yasna kò sọ fún un.

Bébà ńlá kan wà lára ògiri, ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ ni. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà, àwọ̀ ìyeyè lórí funfun, àwòrán mẹ́sàn-án ló sì ń du ojú kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Leontina lọ bá ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un yà fún yín. Mi ò ní gba nǹkan kan."

"Màmá, Santiago ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́. Bá a bá yọ ọ́, wọ́n á bi wá."

"Kò sẹ́ni tó ń kà á."

"Èmi náà mọ̀. Ẹ lọ jókòó, Màmá."

Ó lọ jókòó. Obìnrin kan tí wọ́n fi báńdéèjì wé lẹ́sẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ bébà náà, ó ń wo òjò. Ó wu Leontina kó sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n láti ibi tó jókòó, òun náà kò lè kà á. Nígbà tí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀, òjò ni òun náà ń wò.