Àkókò Tí Gọ́ọ̀mù Fi Ń Gbẹ

Káfíńtà ni ọkọ mi. Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, sìgá ló fi ń mọ àkókò. Tó bá fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ àga tán, á fokùn so ó le, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á fa méjì. Tí èkejì bá fi máa tán, gọ́ọ̀mù ti gbẹ. Mo sọ̀rọ̀ títí, ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Ó kọ etí ikún sí mi.

Ọmọ-ọmọ wa ló mú un. Nígbà tí ọmọ wa obìnrin bímọ, àyà ọmọ náà ò lágbára. Dókítà ní òórùn sìgá ò gbọ́dọ̀ dé ibi tó wà, ì báà jẹ́ èyí tó wà lára aṣọ. Ọmọ wa kúnlẹ̀ fún bàbá ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ má bínú, bàbá mi. Ẹ ò lè gbé e, àfi tẹ́ ẹ bá fi nǹkan yìí sílẹ̀.”

Ojú fèrèsé ló ti wo ọmọ náà. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Ó da gbogbo sìgá tó kù sínú omi. Ó fọ gbogbo aṣọ iṣẹ́ ẹ̀. Irọ́ ni o, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Ó yí ọ̀nà padà kó má baà kọjá níwájú ẹni tó ń tà á fún un. Tó bá ti ń wù ú, á bu omi, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀, tàbí kó máa dán pákó tó ti dán tẹ́lẹ̀. Ó ní tóun bá ti lè fara dà á fúngbà díẹ̀, á rọlẹ̀, á sì tún padà wá. Ara ẹ̀ kan ju ti aláboyún lọ.

Gọ́ọ̀mù la ò rántí. Láìsí sìgá, kò mọ ìgbà tó gbẹ mọ́. Ó tètè tú okùn àga tíṣà kan, tíṣà ọ̀hún sì sanra. Bó ṣe jókòó, ilẹ̀ ló bára ẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó lọ tán, ọkọ mi fi ìka méjì sẹ́nu, kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo gbé aago mi síwájú ẹ̀, ó ní bóun ṣe ń wo aago yẹn ni sìgá ń pe òun.

“Ẹ dìde,” mo ní. “Ẹ rìn dé ilé ọmọ yín, ẹ yọjú wo ọmọ lójú fèrèsé, kẹ́ ẹ padà.”

Ó lọ, ó bọ̀. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ dáadáa. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Tó bá dé, màá bi í bóyá ọmọ lajú. Á ní ó ń sùn, á wá mí kanlẹ̀. Mi ò mọ èwo ló ń wù ú jù nínú ọmọ àti sìgá, mi ò sì bi í.

Lóṣù kẹta tó ti fi sìgá sílẹ̀, ọjọ́ kan wà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, tí kò dé. Mo tú okùn fúnra mi, kò dé. Mo ní ó tán, ó ti yà sọ́dọ̀ oní-sìgá. Ìbínú ni mo fi wá a dé ilé ọmọ wa.

Inú pálọ̀ ni mo bá a, lórí àga tó kàn fúnra ẹ̀. Ọmọ wa ti gbóòórùn ọrùn ẹ̀, ó ti gbóòórùn aṣọ ẹ̀, kò gbọ́ òórùn sìgá kankan, ó sì ti gbé ọmọ fún un. Ọmọ náà ti sùn sí i láyà. Mo sọ fún un pé gọ́ọ̀mù ti gbẹ tipẹ́.

“Ìyá wọn, ó ṣì ń wù mí,” ó ní, ohùn ẹ̀ ò ròkè. “Bí mo ṣe jókòó yìí gan-an, ó ń wù mí. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ gbé ọmọ fún?”

Mo nawọ́ pé kó gbé e wá. Ó yí èjìká sí mi.