Pẹ̀rẹ̀gún Tí Mo Pa Rẹ́

Òórùn ewé ẹ̀gẹ́ tí ìrì rin ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, kí n tó rántí ojú bàbá àgbẹ̀ tó ń wò mí bí ẹní ń wo olè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà nígbà náà ni, mo sì ti gbà pé kò sẹ́ni tó mọ fọ́tò yà tó mi láti Ìlọra dé Fìdítì. Létí oko bàbá yìí ni mo gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mo gbé kámẹ́rà lé e. Àfi bí bàbá ṣe yọ láàárín ebè, àdá lọ́wọ́.

“Ilẹ̀ mi lo wá wọ̀n?”

“Rárá o, bàbá. Oòrùn tó ń yọ ni mo fẹ́ yà.”

“Oòrùn? Kì í yọ nílé yín ni?”

Ìfura rẹ̀ kì í ṣe lásán. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ṣaláìsí fẹ́ ta ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ní ti bàbá wà lára ẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún mẹ́rin tí baba wọn àgbà gbìn sí ààlà nìkan ló ya ti ẹ̀gbọ́n kúrò lára ti àbúrò, àwọn tó sì mọ ìgbà tí wọ́n gbìn ín ti kú tán.

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Àwa tí à ń ya ilẹ̀ àti ojú ọ̀run, ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń ya ojú kan náà láìsún kámẹ́rà: ọ̀kan á ṣókùnkùn kí ojú ọ̀run má baà funfun dànù, ọ̀kan á ṣe déédéé, ọ̀kan á mọ́lẹ̀ kedere kí ilẹ̀ lè hàn. Lẹ́yìn náà la óò pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá ní, “Ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ohun kan ṣoṣo? Ó lóhun tí ò ń wá.” Ó dúró tì mí títí mo fi palẹ̀ mọ́.

Mo délé, mo rí i pé afẹ́fẹ́ ti da ewé pẹ̀rẹ̀gún wọ̀nyẹn láàmú. Ibi tó wà nínú fọ́tò kìíní kọ́ ló wà nínú ìkejì, nígbà tí mo sì pa wọ́n pọ̀, ó rí jákujàku. Kí ni ọ̀gá ayàwòrán ṣe? Mo pa pẹ̀rẹ̀gún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́ nínú fọ́tò àpapọ̀ náà, mo fi koríko bo ojú ibẹ̀. Áà, fọ́tò náà dára! Mo gbé e sórí ayélujára, àwọn èèyàn yìn mí, orí mi wú.

Kò pẹ́ tí bàbá fi ránṣẹ́ pè mí. Ẹnìkan ti hú pẹ̀rẹ̀gún náà, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti gbé fọ́tò mi síwájú àwọn àgbà ẹbí: ẹ wò ó, àlejò ló yà á, ààlà dà níbẹ̀? Mo sáré gbé fọ́tò mẹ́ta àkọ́kọ́ jáde, pẹ̀rẹ̀gún mẹ́rin sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pa á rẹ́ nínú ti ìkẹyìn.

Olórí ẹbí wo fọ́tò, ó wò mí. Ó ní, “Ọwọ́ tó lè hú igi láìdé oko, ṣé kò lè gbìn ín ni?”

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ tèmi bá a lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kó dúró níta. Apá ibi tí ẹ̀gẹ́ bàbá ti ń ta jù ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ṣì ń ya fọ́tò, ojú sì ń tì mí títí dòní. Lọ́jọ́ Iléyá tó kọjá, mo tún lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. “Ọmọ mi, mo ti dárí jì ọ́. Ẹni tó rán ọ nìkan ni o ò tíì dárúkọ.”

Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ti sọ ọ́ títí, ó ti wá ń dún bí irọ́ létí èmi alára.