Àbẹ̀kẹ́ Nínú Agbo

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Ìbà, nígbà tí koríko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní ẹ̀sítéètì wa, bàbá mi máa ń kọ́ wa ní orúkọ tí a fi ń pe àwọn ẹranko tó bá kó ara wọn jọ. Olùkọ́ yunifásítì ni wọ́n. Bí a bá ti jẹun tán, ìbéèrè ti dé nìyẹn, a ó sì máa dáhùn: agbo àgùntàn, ọ̀wọ́ ẹyẹ, ọ̀wọ́ eéṣú. Wọn á tún ní ká sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ṣì í, á kúnlẹ̀.

Ìyá mi kì í dá sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìyá mi mọ ẹran tiwọn. Àgùntàn mẹ́rin ni wọ́n ń sìn lẹ́yìn ilé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ní oríkì bí ọmọ èèyàn. Bàbá mi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ku kí wọ́n sọ adìyẹ lórúkọ. Àbẹ̀kẹ́ ni àgbà nínú àwọn àgùntàn náà. Ìyá ìyá mi ló fà á lé wọn lọ́wọ́ ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó kú, kò sì sí nǹkan mìíràn tí ìyá mi jogún.

Lọ́jọ́ kan, àwọn Hausa da agbo ńlá kan gba ọ̀nà wa kọjá, wọ́n ń lọ sí ọjà ẹran ní Alábà Rago. Àbẹ̀kẹ́ ń jẹko létí ọ̀nà. Èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ, àmọ́ mo ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣeré tẹ́ńtẹ́n. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, agbo ti lọ, Àbẹ̀kẹ́ náà ti bá a lọ. Ìyá mi ò nà mí. Wọ́n kàn tún ìró wọn ró. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ì bá sàn kí wọ́n nà mí.

Àwa mẹ́ta la lọ sí Alábà Rago: bàbá mi, ìyá mi àti èmi. Àgùntàn lọ súà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì jọra lójú mi. Bàbá mi wò wọ́n títí, ó sú wọn, wọ́n ní ká máa lọ sílé, pé àwọn á ra òmíràn. Ìyá mi ò mira. Hausa àgbàlagbà tó ni agbo náà ò bá wa jà. Ó ní òun náà ò mọ èwo ni tiwa nínú wọn.

"Ìyá, ẹ pè é," ló wí. "Tó bá jẹ́ tiyín, á dáhùn."

Ìyá mi pè é lẹ́ẹ̀kan péré, ohùn wọn ò lọ sókè rárá. Àgùntàn kan gbórí sókè láàárín agbo, ó ké, ó sì ń ti àwọn yòókù títí ó fi dé ìdí ìró wọn. Ìyá mi sunkún. Bàbá mi ò bi wá ní ìbéèrè kankan lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ náà.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ògiri ti yí gbogbo ilé ká ní ẹ̀sítéètì, àgùntàn ò rí koríko jẹ létí ọ̀nà mọ́. Bàbá mi ti lọ. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi wà, ọjọ́ ogbó sì ti kó ìrántí wọn lọ. Ó rẹ̀ mí, n ò ní purọ́. Bí àwa ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá péjọ, wọ́n á kí gbogbo wa pọ̀, wọ́n á ní, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàbọ̀. Wọ́n mọ̀ pé tiwọn ni wá, àmọ́ wọn ò mọ ẹni tí í ṣe ta ni mọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pe orúkọ mi gbẹ̀yìn.

Láàárọ̀ àná, mo ń bu omi ìwẹ̀ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè láti inú yàrá, ohùn wọn ò lọ sókè rárá.

"Àbẹ̀kẹ́."

Orúkọ mi kọ́ nìyẹn, àmọ́ mo gbé omi sílẹ̀, mo ní, "Mà," mo sì lọ bá wọn.