Fọ́máànù Tó Lẹ Ìwé Mọ́ Àyà

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá tuntun lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé búrẹ́dì pé ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun ń bọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ fọkàn balẹ̀, Fọ́máànù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí i kúrò, ó po ìyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ omi gbígbóná, ó lẹ ìwé náà mọ́ àyà ara rẹ̀, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà gbagidi bí ilẹ̀kùn kejì.

"Fọ́máànù, kí lẹ lẹ̀ máyà yẹn?" Apòyẹ̀fun ló bèèrè. Ọdún mọ́kàndínlógún lobìnrin yìí ti ń fọwọ́ po ìyẹ̀fun níbẹ̀. Apá rẹ̀ ki ju itan ọkùnrin mìíràn lọ.

"Ìkéde ni. Wọ́n ní ògiri létí. Ṣé ó lẹ́nu ni? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ wá bi mí."

"Ṣé wọ́n máa lé mi ni?"

"N ò mọ̀."

"Irú fọ́máànù wo wá ni yín, tẹ́ ò mọ̀?"

"Irú èyí tí kì í purọ́ ni. Ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé kò séwu; mo ní ta ló sọ fún un? Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, n ó ti mọ̀. Ó dùn o, ó korò o, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó tọ gbogbo wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí baba tó ń ṣọ́ ààrò ti di, Fọ́máànù sì pariwo ọ̀rọ̀ náà fún un débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì wọlé wá bèèrè bóyá ó kan àwọn náà. Kó tó délé, lẹ́ẹ̀ ti gbẹ. Àlùmọ́gàjí nìyàwó rẹ̀ fi gé ẹ̀wù náà lára rẹ̀, ó ní ọkọ lòun fẹ́, òun ò fẹ́ ìkéde.

Apòyẹ̀fun ro àròkàn títí ibà fi dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì pé, kò lè wá.

"Ẹ pè é lórí fóònù," lọ̀gá wí.

"Ṣé fóònù lójú ni?" Fọ́máànù gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin, ó kan ilẹ̀kùn. Kí wọ́n tó ṣí i, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ sọ ọ́: "Iṣẹ́ yín ò bọ́ o! Wọ́n máa kọ́ yín lẹ́rọ náà. Ọjọ́ Ajé, aago méje, ẹ má pẹ́!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Aládùúgbò Apòyẹ̀fun ni, obìnrin tó ti ń wáṣẹ́ láti ọdún méjì. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí Fọ́máànù ò wojú kó tó sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ó lọ kan ilẹ̀kùn kejì. Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin méjì ló yọjú. Ọ̀gá bèèrè pé ta wá nìkejì.

"Ẹni tí mo ti fẹnu ara mi sọ fún pé ó níṣẹ́ ni, sà."

Obìnrin náà ṣì ń kó búrẹ́dì sínú ọ̀rá níbẹ̀ títí dòní.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Apòyẹ̀fun débi iṣẹ́, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì rí ìwé lára ògiri. Fọ́máànù, tó ti fẹ̀yìn tì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ti kú. Apòyẹ̀fun pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó ṣí ìwé náà kúrò, ó sì ń tọ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dì wọ́n lọ́wọ́ mú kó tó sọ ọ́ fún wọn.

Nígbà tó kan baba aláàrò, ó yanu láti pariwo, ohùn ò jáde. Baba wo ojú rẹ̀.

"Fọ́máànù ni?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ó jìyà?"

"N ò mọ̀, Bàbá," ló wí sí i létí. "Tí mo bá mọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Baba rẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "O gbìyànjú," ó ní. "Àmọ́ tó bá jẹ́ òun ni, wọn ì bá ti gbọ́ ọ dé títì."