Àǹtí Tó Ń Wo Géèmù

Mo ṣì ń gbọ́ ohùn àbúrò màmá mi létí: “Ẹ dá a dúró ná, ẹ jẹ́ kí n wo igi inú géèmù yẹn dáadáa.”

Àwọn ni wọ́n ń ya àwòrán ara àǹkárá ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà, kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa nígbà SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ nǹkan di ọ̀wọ́n. Wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa l'Ágége. Bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá ń gbá géèmù, ẹ̀yìn wa ni wọ́n máa ń jókòó sí. Tí a bá ní kí àwọn náà gbá a, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

“Gbígbá ẹ̀ ò dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya ojú ọ̀run yìí, ọwọ́ ẹ̀ mà dáa o!”

Lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n pé, “Àǹtí, ṣé iṣẹ́ yín àtijọ́ ṣì ń wù yín ni?”

“Ó ń wù mí gan-an. Kí n ya nǹkan, kí n sì rí i lára èèyàn lójú títì.”

Nígbà tó yá, wọ́n rí irú iṣẹ́ náà ní Kòtónù, wọ́n sì lọ. Wọn ò padà wá gbé ọ̀dọ̀ wa mọ́. Títí dòní, tí obìnrin kan bá wọ àǹkárá tó rẹwà kọjá, mo máa ń tẹ̀ lé e díẹ̀, bóyá àǹtí mi ló yà á.