Abẹ́rẹ́ Oṣù Kẹsàn-án

Káfíńtà kan wà ládùúgbò wa tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ó-dọ̀la. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n bí o bá béèrè àga rẹ, "Ó dọ̀la" ni yóò fi dá ọ lóhùn. Kò ka èyí sí nǹkan kan, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ọmọ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbé ọmọbìnrin wọn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tó bí i, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gbé ìyàwó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì fi ti oṣù kẹsàn-án, èyí tí ń dènà èéyi, lé ọkọ lọ́wọ́. Oṣù kẹsàn-án kọjá, ìkẹwàá náà kọjá. Bàbá ọmọ kò gbàgbé o. Nọ́ọ̀sì tí ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ ló ni kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ti dúró láìní ilẹ̀kùn ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà láti ìgbà òjò. Ojú ń ti bàbá ọmọ láti lọ bá a.

Àfi bí èéyi ṣe mú ọmọ kan lójúlé kejì. Ìyá káfíńtà pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Ó-dọ̀la, ṣé èéyi náà yóò dọ̀la?"

"Ìyá mi, ó ti pẹ́ jù. Wọn ò ní gbà wá mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ayùn rẹ? Gba ọmọ rẹ. Èmi ò ní bá ọ jẹ́jọ́ kọ́bọ́ọ̀dù."

Ó gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára, ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì wò ó tòkètilẹ̀. "Káfíńtà mi! Mo rò pé kọ́bọ́ọ̀dù mi lẹ gbé wá."

Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé a ṣì lè gbà á? Àbí a ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni?"

"Nítorí pé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mi pẹ́, ṣé ẹ ó tú u ká? Ibi tẹ́ ẹ bá a dé la ó ti máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èéyi ò mọ ọ̀la."

Ó gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́. Ọmọ figbe ta, bàbá rẹ̀ sì dijú bí ẹni pé òun ni wọ́n gún.

"Ara rẹ̀ lè gbóná díẹ̀, ẹ má fòyà. Bó bá le, ẹ tètè gbé e wá. Tó bá pé oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ mú un wá gba ẹlẹ́ẹ̀kejì."

Láràárọ̀ ni bàbá ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Ara náà gbóná lóòótọ́, ó sì rọlẹ̀. Èéyi kò yà sílé wọn.

Nígbà tí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé, ọmọlanke kan gúnlẹ̀ síwájú ilé ìwòsàn kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Kọ́bọ́ọ̀dù wà lórí rẹ̀, tilẹ̀kùn tilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin náà ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó di ṣòkòtò bàbá rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ó wá yíjú sí bàbá ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, káfíńtà. Ṣùgbọ́n ọ̀la mà lọjọ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ló kọ́kọ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì.